Ẹ gé -ron kúrò: bí mo ṣe ń kọ́ni ní hablara, comiera àti viviera

Imperfecto de subjuntivo, ìyẹn irú ọ̀rọ̀-ìṣe Sípáníìṣì bíi hablara tí a fi ń sọ ohun tí a fẹ́, tí a pàṣẹ tàbí tí a ń ṣiyèméjì lé lórí, kò le tó orúkọ rẹ̀. Orúkọ yẹn ló máa ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn tí mo ń kọ́ ní èdè Sípáníìṣì, pàápàá àwọn tó ń múra fún DELE B2, ìdánwò tí wọ́n fi ń wo bí èèyàn ṣe gbọ́ Sípáníìṣì tó. Wọ́n á ti ra ìwé gìrámà gbàǹgbà kan, wọ́n á ti há gbogbo ìparí ọ̀rọ̀ sórí, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ibi tí wọ́n fẹ́ lò ó sí. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé: "Báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ pé àwọn kan sọ̀rọ̀ lánàá?" Ẹni tó bá dáhùn wéré pé hablaron, iṣẹ́ wa ò ní pẹ́. Ẹni tó bá ń wò mí, tàbí tó dáhùn pé hablaban, a jẹ́ pé ìdí pretérito, ìyẹn àsìkò ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán, la máa padà sí ná, torí pé láti ibẹ̀ ni gbogbo èyí tó kù ti ń jáde wá.

Ẹ mú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ẹ bá fẹ́. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ènìyàn kan ló ṣe é, tí wọ́n sì ti ṣe é tán. Wọ́n sọ̀rọ̀: hablaron. Wọ́n jẹun: comieron. Wọ́n gbé níbì kan: vivieron. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ sì fi bírò fa igi lé -ron tó wà nídìí rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fa igi yẹn ní ti gidi, kì í ṣe nínú ọkàn. Ohun tó ṣẹ́kù ni habla-, comie- àti vivie-. Òun ni ẹ máa so -ra mọ́:

yo: hablara, comiera, viviera
tú: hablaras, comieras, vivieras
él, ella, usted: hablara, comiera, viviera
nosotros: habláramos, comiéramos, viviéramos
vosotros: hablarais, comierais, vivierais
ellos, ellas, ustedes: hablaran, comieran, vivieran

Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó parí sí -er àtàwọn tó parí sí -ir ti di ọ̀kan náà, nítorí náà ọ̀nà méjì péré ló kù láti kọ́: -ara àti -iera. Yo àti él bára mu délẹ̀délẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ onísípáníìṣì fi máa ń dárúkọ yo tàbí ella níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti lè rú olùgbọ́ lójú. Ní ti vosotros, Sípéènì ni wọ́n ti ń lò ó. Ẹni tó bá jẹ́ pé Mexico tàbí Colombia ló ń lọ lè fo ìlà yẹn kọjá, kó máa lo ustedes. Ní Argentina, tí wọ́n ti ń sọ vos dípò tú, ìparí kan náà ni vos ń lò níbí: si vos hablaras.

Àmì tó wà lórí habláramos àti comiéramos pọn dandan. Kì í ṣe àmì ohùn bíi tiwa o. Ohun tó ń sọ ni sílébù tí a ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí a bá ń pe ọ̀rọ̀ náà. Ní gbogbo ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ibì kan náà la ti ń tẹ ọ̀rọ̀, ìyẹn sílébù tó ṣáájú -ra: ha-BLA-ra, ha-BLA-ra-mos. Òfin ìkọ̀wé Sípáníìṣì sì sọ pé bí sílébù tí a tẹ̀ bá jẹ́ ẹ̀kẹta láti ẹ̀yìn, a gbọ́dọ̀ fi àmì sí i. Àwọn yòókù kò nílò àmì kankan.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí hablará. Ìyẹn àsìkò ọjọ́ iwájú ni: ó máa sọ̀rọ̀. Àmì kékeré kan ló là á láàárín, ẹni tí iṣẹ́ máa já lé léjìká sì lè yí padà nítorí rẹ̀. Ẹ gbọ́ gbólóhùn méjì yìí:

Dijo que llamara al dueño. Ó ní kí n pe onílé.
Dijo que llamará al dueño. Ó ní òun máa pe onílé.

Nínú èkíní, èmi ni mo máa pe onílé. Nínú èkejì, mo lè jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe -ar nìkan ni wàhálà yìí máa ń bá. Comiera àti comerá kò jọra débi tí ẹnikẹ́ni á fi ṣì wọ́n gbọ́. Etí wa tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀ yẹ kó lè gbọ́ èyí kíákíá. Mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ pe méjèèjì tẹ̀léra wọn sókè, hablara, hablará, hablaran, hablarán, títí tí ahọ́n á fi mọ ibi tó yẹ kó ti tẹ̀. Kí -r- inú rẹ̀ fúyẹ́, ó jọ ti inú "ara" tiwa gan-an.

Kí ẹ tó kúrò lórí ìṣẹ̀dá rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yanjú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń díbọ́n pé àwọn yàtọ̀. Llegar, buscar àti empezar máa ń yí lẹ́tà padà nínú pretérito: llegué, busqué, empecé. Yo nìkan ni ìyẹn kàn. Ibi tí àwa ti ń gé igi wa, llegaron, buscaron, empezaron ni, kò sí u tàbí c àjèjì kankan níbẹ̀, nítorí náà llegara, buscara, empezara. Pensar àti volver náà, tí wọ́n máa ń di pienso àti vuelvo nígbà mìíràn, kò yí padà níbí: pensaron, pensara, volvieron, volviera. Escribir àti abrir, tí escrito àti abierto wọn máa ń ya èèyàn lẹ́nu, jẹ́ ọmọlúàbí pátápátá níbí: escribiera, abriera.

Àwọn tó yapa lóòótọ́ wà, ṣùgbọ́n inú pretérito ni wọ́n ti yapa wá. Pidieron ló fún wa ní pidiera, durmieron ló fún wa ní durmiera, tuvieron ní tuviera, dijeron ní dijera. Ser àti ir jọ ń lo fueron, wọ́n sì jọ ń lo fuera. Gígé -ron yìí kò kùnà lórí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan ní èdè náà. Ìdí rèé tí mi ò fi í fún ẹnikẹ́ni ní tábìlì àwọn tó yapa. Ẹni tó bá mọ ellos nínú pretérito ti mọ̀ wọ́n.

Ẹ tún máa rí hablase, comiese, viviese. Ìparí kejì nìyẹn fún àsìkò kan náà: -se, -ses, -se, -semos, -seis, -sen, pẹ̀lú àmì lórí nosotros bákan náà, hablásemos. Méjèèjì tọ̀nà, ìtumọ̀ wọn sì dọ́gba níbi tó pọ̀ jù. Èdè Látìn ni àwọn méjèèjì ti wá, láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: -se láti inú amavissem, -ra láti inú amaveram, tó túmọ̀ nígbà náà sí "mo ti fẹ́ràn rẹ̀ ṣáájú". Ìtumọ̀ àtijọ́ yẹn kò tíì kú tán. Nínú ìwé ìròyìn ẹ lè bá la casa donde viviera el poeta pàdé, ilé tí akéwì náà ti gbé rí, láìsí iyèméjì tàbí ìfẹ́ inú kankan níbẹ̀. Ẹ dá a mọ̀ bí ẹ bá rí i, ẹ má fara wé e. Ní Látìn Amẹ́ríkà, -ra ló gbilẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ní Sípéènì ẹ máa ń gbọ́ -se díẹ̀ sí i. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ máa fi -ra sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi ojú mọ -se.

Ibi tí "kí" ti ń ṣiṣẹ́ fún wa

Àwọn ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ máa ń to àwọn ìdí tí a fi ń lo subjuntivo jọ: ìfẹ́ inú, àṣẹ, iyèméjì, ìmọ̀lára àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ àwa ní ọ̀rọ̀ kékeré kan tó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn láti ilé wá, òun ni "kí". Ẹ wo bó ṣe ń ya ọ̀nà méjì lẹ́yìn decir:

Dijo que esperaba. Ó ní òun ń dúró.
Dijo que esperara. Ó ní kí n dúró.

Ìròyìn ni èkíní, àṣẹ ni èkejì. Que kan náà ló wà nínú méjèèjì, torí náà ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa sọ èyí tó jẹ́. Níbi tí Yorùbá bá ti fi "kí" sí i, ẹ fi subjuntivo sí i:

La vecina me pidió que cerrara la puerta. Aládùúgbò mi bẹ̀ mí kí n ti ilẹ̀kùn.
Queríamos que ustedes comieran con nosotros. A fẹ́ kí ẹ bá wa jẹun.
El médico le aconsejó que bebiera más agua. Dókítà gbà á níyànjú pé kí ó máa mu omi sí i.
La profesora no permitía que usáramos el móvil. Olùkọ́ wa kì í gbà kí a lo fóònù.
Era necesario que el inquilino firmara el contrato. Ó pọn dandan kí ayálégbé buwọ́ lu ìwé àdéhùn.

Bí ẹni tó fẹ́ nǹkan bá jẹ́ ẹni kan náà tó máa ṣe é, "kí" máa ń fò lọ ní Yorùbá, subjuntivo náà á sì fò lọ ní Sípáníìṣì. Quería trabajar: mo fẹ́ ṣiṣẹ́. Quería que trabajaras: mo fẹ́ kí o ṣiṣẹ́. Èmi ò mọ èdè mìíràn tó bá ti Sípáníìṣì mu lórí kókó yìí tó tiwa.

Ó tún wà nínú "kí … tó" àti "kí … lè". Antes de que ni "kí … tó": Salimos antes de que cerraran la estación, a jáde kí wọ́n tó ti ibùdókọ̀ pa. Para que ni "kí … lè": Habló despacio para que la entendiéramos, ó rọra sọ̀rọ̀ kí ohun tó ń sọ lè yé wa. Àwọn méjèèjì yìí kì í gba nǹkan mìíràn lẹ́yìn wọn àfi subjuntivo. Sin que náà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "láìjẹ́ pé" ni tiwa: Entró sin que nadie la saludara, ó wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kí i.

Ohun kan wà tí "kí" kò lè ràn yín lọ́wọ́ lórí rẹ̀, àsìkò ni. "Mo fẹ́ kí o pè mí" lè jẹ́ ti òní, ó lè jẹ́ ti oṣù tó kọjá, kò sí ohun tó yí padà lẹ́nu wa. Ní Sípáníìṣì, ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ ló ń pàṣẹ fún èkejì. Quiero que me llames, bó bá jẹ́ ti ìsinsìnyí. Quería que me llamaras, bó bá jẹ́ ti àtijọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó so ìparí kankan mọ́ ọn, ẹ wo ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí quería, pedí, dijo, era, fue, había dicho, àsìkò tiwa ló kàn. Ẹ fi me gustaría, preferiría àti sería mejor kún un. Me gustaría que me escribieras kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná rárá, ìwé tí ẹ ò tíì kọ ni mo ń sọ, síbẹ̀ escribieras ló máa jẹ́, torí gustaría ló ṣáájú rẹ̀.

Bí ẹ bá ń bá àwọn ará Peru, Bolivia tàbí Argentina sọ̀rọ̀, ẹ lè gbọ́ quería que me llames láti ẹnu wọn. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn nìyẹn, wọn ò ṣì í sọ. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò, llamaras ni kí ẹ kọ.

Ibi tí "pé" ti ń tan èèyàn

Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gbádùn "kí" tán, ibí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ̀. Yorùbá ń lo "pé" fún ìmọ̀lára àti fún iyèméjì, bẹ́ẹ̀ subjuntivo ni Sípáníìṣì ń fẹ́ níbẹ̀. "Inú mi dùn pé ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé sí mi": Me alegró que mi hermana me escribiera. Ẹ ó ní, ṣebí ó kọ ọ́ lóòótọ́? Ó kọ ọ́. Ìdùnnú mi ni gbólóhùn náà wá ròyìn. Ìwé yẹn kàn jẹ́ ohun tó fà á. Era una lástima que no aceptaran la oferta, ó ṣeni láàánú pé wọn ò gbà, bákan náà ló rí.

Fún iyèméjì, ẹ wá ọ̀rọ̀ tó ń kọ̀ nǹkan. Creía que vivían allí: mo gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Mo fọwọ́ sọ̀yà, indicativo ni, ìyẹn ọ̀rọ̀-ìṣe lásán tí a fi ń ròyìn ohun tó dá wa lójú. No creía que vivieran allí: mi ò gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. No yẹn ló yí i padà. Dudar ní tirẹ̀ kò nílò no: Dudaba que el autobús llegara a tiempo, mo ń ṣiyèméjì pé bọ́ọ̀sì náà máa dé lásìkò.

"Tó" náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. "Mo ń wá ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá" lè túmọ̀ sí nǹkan méjì, tí olùgbọ́ á fi ojú inú mọ èyí tí à ń sọ. Sípáníìṣì máa ń là á sí méjì. Buscaba a una mujer que hablaba yoruba: obìnrin kan pàtó wà tó gbọ́ ọ, mo mọ̀ ọ́n, mi ò kàn rí i ni. Buscaba a alguien que hablara yoruba: ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti gbọ́ ọ, bóyá ó wà, bóyá kò sí. Bó bá sì jẹ́ pé kò sí rárá, ìkejì yìí náà ni: En la oficina no había nadie que hablara yoruba.

Cuando àti hasta que ń tẹ̀ lé ìlànà tó fara jọ èyí. Esperé hasta que me llamaron: mo dúró títí wọ́n fi pè mí, wọ́n pè mí, ó tán. Me dijeron que esperara hasta que me llamaran: wọ́n ní kí n dúró títí wọ́n á fi pè mí. Ní àsìkò tí wọ́n ń sọ ọ́, wọn ò tíì pè mí. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé, lójú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, ṣé nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀? Bí kò bá tíì ṣẹlẹ̀, -ra.

Ká ní … ǹ bá

Ẹ̀bùn kejì tí a ní nílé rèé. Gbogbo wa la mọ̀ pé "bí mo bá" àti "ká ní" kì í ṣe ọ̀kan náà.

Si ahorro dinero, compraré el billete. Bí mo bá fowó pamọ́, màá ra tíkẹ́ẹ̀tì náà.
Si ahorrara dinero, compraría el billete. Ká ní mo ń fowó pamọ́ ni, ǹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì náà.

Nínú èkíní, ó ṣeé ṣe. Nínú èkejì, ẹ ti mọ̀ pé mi ò fi kọ́bọ̀ pamọ́. "Ká ní" ni -ra, "ǹ bá" ni -ría. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́ sí èèpo ìwé wọn bẹ́ẹ̀: ká ní -ra, ǹ bá -ría. Ẹ lè yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, Compraría el billete si ahorrara dinero, si kò ní ya ara rẹ̀ kúrò lára -ra láéláé.

Èèwọ̀ méjì ló wà lẹ́yìn si yìí. Àkọ́kọ́ ni si ahorre, subjuntivo ti ìsinsìnyí. Kò sí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Èkejì ni si ahorraría. Ẹ ó gbọ́ ìyẹn o, pàápàá lẹ́nu àwọn ará àríwá Sípéènì, lágbègbè Bilbao àti Burgos: si tendría dinero. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ pàápàá ń bá àwọn ọmọ wọn jà nítorí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Imperfecto tó wà nínú orúkọ rẹ̀ tún máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni si ahorrara. Ọ̀rọ̀ ìsinsìnyí tàbí ti ọ̀la ni. "Ká ní o pè mí ni" tiwa ṣeé lò fún méjèèjì, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ kí ẹ bi ara yín bóyá ààyè ṣì wà. Si me llamaras, contestaría: o ò kì í pè mí, àmọ́ bí o bá dán an wò, màá dáhùn. Si me hubieras llamado, habría contestado: àkókò ìpè ti kọjá, o ò sì pè. Àsìkò mìíràn ni ti ẹ̀yìn yìí, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé -ra náà ló wà nínú hubieras.

Como si ni "bí ẹni pé", kò sì ní awuyewuye. Gasta dinero como si trabajara en un banco: ó ń náwó bí ẹni pé báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́. Gasta jẹ́ ti ìsinsìnyí, síbẹ̀ -ra ló tẹ̀ lé como si. Ibí nìkan ni mo gbà yín láyè kí ẹ má wo ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ rárá.

Ojalá wá láti inú èdè Lárúbáwá tí wọ́n ń sọ ní Sípéènì láyé àwọn Mùsùlùmí, láti 711 títí di 1492 tí Granada bọ́ lọ́wọ́ wọn. Law šá lláh ni wọ́n ń pè é nígbà náà, "bí Ọlọ́run bá fẹ́", torí náà kò lè ṣàjèjì sí etí ẹni tó ń wí inṣa Allah lójoojúmọ́. Ojalá llegue hoy: kí Ọlọ́run jẹ́ kó dé lónìí, ìrètí sì wà. Ojalá llegara hoy: ì bá mà dára bó bá lè dé lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ ọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ gbà pé yóò dé.

Ẹ mú quisiera dání náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé querer kì í ṣe ara àwọn tó ń tẹ̀ lé òfin. Quisiera un café con leche ni ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí ẹ ó fi béèrè nǹkan níwájú àgbà tàbí àlejò; quiero lè dún bí àṣẹ. -Se kì í ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má lọ béèrè kọfí pẹ̀lú quisiese.

Bí mo ṣe máa ń ní kí wọ́n ṣe é ní ìdánrawò

Mi ò fẹ́ràn kí èèyàn máa ka hablara, hablaras, hablara bí orin. Ó máa ń jẹ́ kí ẹnu yá láìjẹ́ pé ọpọlọ mọ ohun tó ń ṣe. Ohun tí mo ń ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n kó àwọn àṣẹ tí wọ́n gbọ́ láàárín ọjọ́ jọ, kí wọ́n wá ròyìn wọn fún mi ní alẹ́. Àṣẹ wà níbi gbogbo: lẹ́nu ọ̀gá, lára ògiri, nínú ọkọ̀, lórí fóònù.

¡Cierra la ventana! Me dijo que cerrara la ventana.
Espere aquí. Me dijeron que esperara allí.
Suban por la escalera. Nos dijeron que subiéramos por la escalera.
No abras la carta. Me pidió que no abriera la carta.
Llámame mañana. Me pidió que lo llamara al día siguiente.

Nínú èyí tó gbẹ̀yìn, me tó so mọ́ ìdí llámame ti di lo, ó sì ti bọ́ síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Mañana ti di al día siguiente, aquí náà ti di allí lókè. Bí àwa náà ṣe ń ṣe nìyẹn bí a bá ń ròyìn ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn: "ó ní kí n pe òun lọ́jọ́ kejì". Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ló máa ń tètè mọ̀ ọ́n ju àwọn tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò ráyè wo tábìlì.

Ẹ gbìyànjú márùn-ún yìí sókè kí ẹ tó wo ìdáhùn. Ìkan nínú wọn kò rí bí ẹ ṣe rò.

Wọ́n ní kí a kọ orúkọ wa.
Ká ní ò ń gbé ní Sevilla ni, ò bá máa sọ Sípáníìṣì lójoojúmọ́.
Mi ò gbà pé wọ́n máa tẹ́wọ́ gba àbá mi.
Ó jáde kí fíìmù náà tó parí.
Ó ní òun máa pe dókítà.

Àkọ́kọ́ ni Nos dijeron que escribiéramos nuestro nombre, ẹ má gbàgbé àmì orí é. Èkejì, Si vivieras en Sevilla, hablarías español todos los días. Ẹ̀kẹta, No creía que aceptaran mi propuesta. Ẹ̀kẹrin, Salió antes de que terminara la película. Ẹ̀karùn-ún kò ní subjuntivo rárá, torí pé kò sí "kí" nínú rẹ̀: Dijo que llamaría al médico. Ẹni tó bá kọ llamara síbẹ̀ ti gbé iṣẹ́ yẹn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.